Ìjókòó Tí Wọ́n Ní Ó Yọ̀ǹda

Ìyá Wẹ́kú kì í wọn ẹni tó bá ti mọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Aránṣọ mìíràn á so téèpù kọ́rùn bíi dókítà, á wọn èjìká, á wọn ìbàdí, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, síbẹ̀ bí aṣọ bá délé, á fún aláṣọ lábíyá. Ti Ìyá Wẹ́kú ò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rán aṣọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan rí, ó parí nìyẹn. Á wò ọ́ látòkè délẹ̀ bó o ṣe ń wọlé, á ní, "O ti fi díẹ̀ kún ìdí láti oṣù tó kọjá," á sì gbé sísọ́ọ̀sì. Nígbà tó o bá wọ aṣọ náà, á bá ọ mu wẹ́kú. Bó o bá ní kó tún ọ wọ̀n, inú á bí i. "Ṣé mi ò mọ̀ ọ́ ni?" ni yóò wí. Lójú tirẹ̀, àlejò ni wọ́n ṣe téèpù fún. Ẹni tó bá ń wọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wò, kò fọkàn tán an ni.

Nínú gbogbo àwọn tó ń ránṣọ fún, kò sí ẹni tó mọ̀ tó Àǹtí Káńtà. Ọdún mọ́kànlá ni yàrá wọn fi kọjú síra nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tí wọ́n jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan, tí wọ́n jọ ń dáná nílé ìdáná kan. Pápákọ̀ òfurufú ni Àǹtí Káńtà ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò, òun ló ń gbé ẹrù wọn sórí ìwọ̀n, òun ló ń fi káàdì tí wọ́n fi ń wọ bàálù lé wọn lọ́wọ́. Yunifọ́ọ̀mù tí ilé-iṣẹ́ ń fún un, tó máa ń fẹ̀ bí agboòrùn, Ìyá Wẹ́kú ló ń tú u, tó ń tún un rán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bi í pé níbo ló ti rí tirẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni Ìyá Wẹ́kú fi jù ú lọ, "ẹ̀gbọ́n mi" ló sì máa ń pè é. Nígbà tí ọkọ Ìyá Wẹ́kú kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àǹtí Káńtà fi sùn sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀ kó má baà dá sunkún. Ẹni tó bá ṣe irú èyí fún ọ, o ò ní máa yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò mọ́.

Ní Mọ́ńdè kan ni àbúrò Ìyá Wẹ́kú pè é lórí fóònù. Tíṣà ni àbúrò yìí, òun ló ń gbé pẹ̀lú bàbá wọn nílùú tí wọ́n ti bí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ Bàbá. Dókítà ní gbogbo ibi tí ohùn ti ń jáde lọ́nà ọ̀fun wọn làwọn máa gé kúrò."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó ní ẹ̀mí wọn á wà, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá ní kẹ́ ẹ wá kó tó di Jímọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà táwọn fẹ́ bá yín sọ. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi kí n bá wọn jẹ́ ẹ. Wọ́n ní kì í ṣe tèmi."

"Gbé fóònù sí wọn lẹ́nu."

Àbúrò gbé e sí i. Ohun tí Ìyá Wẹ́kú gbọ́ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi sáńpépà ra pákó. Káfíńtà ni bàbá wọn, ó lo àádọ́ta ọdún nídìí iṣẹ́ náà, ohùn rẹ̀ sì dún nígbà kan ju ayùn lọ. Ṣùgbọ́n àìsàn ti jẹ ohùn náà tán, ó ku ṣíún. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, àfi kó gbé etí lé e lẹ́nu gbáú. Baba náà ò sì mọ̀wé kọ. Àmì tó ń fà sára pákó nìkan ni ìwé tirẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ọ̀nà ilẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀nà náà sì bàjẹ́ dé góńgó. Bàálù kò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé nìkan ló ń lọ, èrò sì ti kún ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá Wẹ́kú kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Omi bọ́ lójú Àǹtí Káńtà. "Ọjọ́bọ̀ lẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá." Òun fúnra rẹ̀ ló bá a ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé kò mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Ìyá Wẹ́kú ti dé pápákọ̀, bẹ́ẹ̀ aago méjìlá ni bàálù máa gbéra. Ó di báàgì kékeré kan, ó sì ra búrẹ́dì rírọ̀ tí bàbá rẹ̀ á lè rẹ sínú tíì. Àǹtí Káńtà tajú kán rí i lórí ìlà, ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó dì mọ́ ọn lójú gbogbo ayé.

"Ẹ lọ jókòó jàre. Ẹ má dúró lórí ìlà bí àlejò. Èmi ló máa bá yín ṣe gbogbo ẹ̀."

Ìyá Wẹ́kú bá lọ jókòó sórí àga onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ń wo àwọn tó ń làágùn lórí ìlà, àánú wọn sì ń ṣe é pé wọn ò lẹ́nìkan.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yìí, àádọ́rin ìjókòó ló ní nínú bàálù, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnléláàádọ́rin ló tà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, pé èrò kan máa ń pẹ́, pé òmíràn máa ń sùn gbàgbé, kí ìjókòó má baà ṣófo. Bí aránṣọ bá gba aṣọ lọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún, tó wá rán mẹ́rin, tó ní bóyá ẹnì kan nínú wọn á gbàgbé láti wá gba tirẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ orúkọ tí àdúgbò máa pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè ní olè nílẹ̀, ó jọ pé ètò ni wọ́n ń pè é lókè.

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó pẹ́, kò sẹ́ni tó sùn gbàgbé. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀: èrò ti pọ̀ ju ìjókòó lọ, ẹni tó bá lè dúró di Sátidé kó wá yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ́n á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kan tó máa lò nígbà tó bá wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì dìde, bàbá oníṣòwò kan náà dìde. Ìyá Wẹ́kú rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní ọ̀fẹ́ máa ń dùn mọ́ ẹni tí wọn ò retí níbì kankan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mánéjà jáde wá, tó bẹ̀rẹ̀ létí Àǹtí Káńtà, tó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i. Àǹtí Káńtà wo ìlà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mú fọ́ọ̀mù kan àti bíró, ó rìn wá sọ́dọ̀ Ìyá Wẹ́kú tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ fọwọ́ síbí yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ bá yín wá ìjókòó iwájú, kẹ́ ẹ lè na ẹsẹ̀."

Ìyá Wẹ́kú mọ̀wé kà dáadáa. Awò ojú rẹ̀ wà nínú báàgì tó gbé sórí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá awò ojú nígbà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá gbé nǹkan wá? Orí báàgì náà ló tẹ́ ìwé sí, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní, "Ọlọ́run á ṣe é fún ìwọ náà."

Pátákó kan wà lára ògiri lẹ́yìn káńtà, tí òfin ní kí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀tọ́ èrò ni wọ́n to sára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ ti gbé àwòrán obìnrin gíga kan tó ń rẹ́rìn-ín dí i, èèyàn ò sì lè rí ju ìlà méjì tó kẹ́yìn lọ.

Wọ́n pe èrò wọ bàálù. Orúkọ ń jáde, orúkọ ń wọlé, Ìyá Wẹ́kú ń retí tirẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó lọ sí káńtà, Àǹtí Káńtà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó jókòó sí àyè rẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Sátidé ni wọ́n kọ síwájú orúkọ yín, màmá."

"Sátidé kẹ̀? Bàbá mi ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́la! Ẹ ṣílẹ̀kùn yẹn!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá."

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èyí tí ọkùnrin náà ń sọ, ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò tó fi ń sọ ọ́. Ìyá Wẹ́kú pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Láti ara gíláàsì ló ti ń wo bàálù tó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀, tó sáré, tó gbéra nílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àǹtí Káńtà wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní kọ̀ǹpútà ló da orúkọ rú. Ó ní wọ́n ti pe òun wọ ọ́fíìsì, òun ò mọ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Ó fa àpò ìwé kan yọ: tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. "Mo bá wọn jà kí n tó rí i gbà fún yín. Wọ́n ní àwọn fi bẹ̀ yín ni." Ẹ wá wo nǹkan. Ìyá Wẹ́kú ló fà á dìde, òun ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun ló ń sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe ló ń bẹ ẹni tó ṣe é pé kó má sunkún mọ́.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó gbé bàbá wọlé, àbúrò tún gbé fóònù sí i lẹ́nu. Sáńpépà lórí pákó. Ìyá Wẹ́kú fi fóònù lẹ etí títí etí fi gbóná. "Bàbá, ẹ tún un sọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Nọ́ọ̀sì ní àsìkò ti tó.

Sátidé ló débẹ̀. Wọ́n ti di ọrùn bàbá yí po, wọ́n sì ti fi ọ̀pá kékeré kan sí i tó ń gbà mí. Bó ti rí ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́, ó ń mi ètè. Kò léyín mọ́ lẹ́nu, ètè náà kàn ń ṣí, ó ń pa dé ni. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, wọn ò rí ibi mú níbẹ̀. Wọ́n ń méfò. "Ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, Bàbá? Ṣé ti Màmá tó ti lọ ni?" Bàbá á mi orí pé rárá, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́. Ìyá Wẹ́kú fẹ́ sún mọ́ ọn, nọ́ọ̀sì ò gbà kẹ́nikẹ́ni fara kan ọrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Àbúrò ló ní kí wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ó jẹ́ ẹni tó máa ń kàwé gan-an. Ó ní òfin wà, pé ilé-iṣẹ́ tó bá fi èrò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kí n rí ìwé kà fún Bàbá pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Wọ́n ń ro nǹkan, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò lè sọ ọ́ ni."

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ àbúrò tó kọ̀wé náà ló bá lọ. Gbólóhùn méjì péré ni lẹ́tà náà, wọ́n sì so ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kan mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà nìyí: *Mo fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ìjókòó mi, mo sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ kan dípò rẹ̀.* Nísàlẹ̀ ni Ìyá Wẹ́kú fọwọ́ sí i, geere, láìgbọ̀n.

Fóònù tí àbúrò pè lọ́jọ́ náà ò gùn.

"Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ bá wí. Ẹ̀ bá kúkú wí pé ẹ ò fẹ́ wá."

"Fọ́ọ̀mù wo? Mi ò yọ̀ǹda nǹkan kan!"

"Ọwọ́ yín mà nìyẹn. Mo ti kà á fún Bàbá. Wọ́n kọjú sógiri, wọn ò sì tíì yí i padà láti àárọ̀."

Ìyá Wẹ́kú gbé awò ojú sójú nígbà tí àbúrò fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àǹtí Káńtà wo fóònù náà, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní fọ́ọ̀mù ìjókòó iwájú lòun gbé wá, àwọn ọ́fíìsì òkè ló máa ti pààrọ̀ rẹ̀. "Ẹ lọ fẹjọ́ sùn. Bí wọ́n bá pè mí, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí." Ìyá Wẹ́kú sì gbà á gbọ́. Ẹ má tíì bú u. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ yín bá sùn lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yin náà á gbà á gbọ́.

Ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn èrò òfurufú, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga bí àkàbà. Obìnrin kan tó ti ń hewú ló gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

"Bí ilé-iṣẹ́ bá ta tíkẹ́ẹ̀tì ju ìjókòó lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa yọ̀ǹda. Òun pẹ̀lú wọn ló jọ ṣàdéhùn, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá yọ tipátipá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún un, kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n wá ibi tó máa sùn fún un, kí wọ́n tètè wá ọ̀nà míì tó máa fi dé ibi tó ń lọ, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Wọ́n á tún fi tó wa létí, àwa náà á sì bi mánéjà wọn léèrè ọ̀rọ̀."

"Mi ò wá owó wá, mà. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ pé mi ò yọ̀ǹda. Ẹ lu òǹtẹ̀ sí i, kí n gbé e lọ fún bàbá mi."

"Ìwé tó wà níbí ní ẹ yọ̀ǹda. Àfi bí ẹni tó gbé e fún yín bá jẹ́rìí pé òun ò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún yín."

Inú Ìyá Wẹ́kú dùn. Ó ní, "Bó bá jẹ́ òun ni, ó ti parí. Ọ̀rẹ́ mi ni, bí àbúrò ló jẹ́ fún mi."

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Àǹtí Káńtà wọlé tẹ̀lé mánéjà, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ bá a mu dọ́gbadọ́gba léjìká. Kò wo apá ibi tí Ìyá Wẹ́kú jókòó sí. Obìnrin ọ́fíìsì bi í bóyá ó ṣàlàyé fọ́ọ̀mù náà fún èrò yìí kó tó fọwọ́ sí i.

"Mo kà á fún wọn," ni Àǹtí Káńtà wí, ó tẹjú mọ́ tábìlì. "Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní kò burú, pé Sátidé náà dáa. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ìyá Wẹ́kú yíjú wò ó. Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀, pé òótọ́ kékeré kan wà nínú irọ́ náà tó ń mú un dúró. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́. Obìnrin ọ́fíìsì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mí kanlẹ̀, ó pa fáìlì dé. Ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Orí àtẹ̀gùn ni Àǹtí Káńtà ti lé e bá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Mánéjà ní bí mo bá sọ nǹkan míì, kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọmọ mi."

"Mi ò bi ọ́ ní tòní." Ìyá Wẹ́kú di irin àtẹ̀gùn mú. "Ti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mò ń bi ọ́. Gbogbo èrò yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Àǹtí Káńtà dá a lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹni kẹrin ló kù. Bí a bá yọ ẹnikẹ́ni tipátipá, wọ́n á bá mánéjà wí. Ó ní kí n wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i láìpariwo. Mo wo ìlà yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tí mo lè gbé ìwé yẹn fún tí kò ní kà á. Ẹ̀yin nìkan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ fọkàn tán mi."

"O mọ̀ pé bàbá mi ń dúró dè mí."

"Mo rò pé dókítà á sún un síwájú. Àwọn dókítà máa ń sún nǹkan síwájú."

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, kò mọ ẹni tó máa bà ni. Eléyìí wá ará ilé rẹ̀ láàárín ọjà, ó rí i, ó fojú sùn ún dáadáa kó tó jù ú. Ó dun Ìyá Wẹ́kú. Ó dùn ún ju ikú ọkọ rẹ̀ lọ, nítorí ikú ò pè é ní ẹ̀gbọ́n òun rí. Kò bú u, kò ṣépè. Ó sọ̀ kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn bí afọ́jú, ó sì wọ mọ́tò tó ń lọ síbùdókọ̀.

Ọ̀nà ilẹ̀ ló gbà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó láàárín àpò ẹrù àti èjìká àlejò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ náà wà nílé nínú àpò ìwé rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, àbúrò ṣílẹ̀kùn, ó kí i bí ẹni ń kí ayálégbé, ó sì yà fún un.

Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti tú aṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ku ihò kékeré kan tó ń gbà mí. Ó rí i, ó kọjú sógiri.

Ìyá Wẹ́kú kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, mi ò ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́," ló wí. "Mo rojọ́, mo jẹ̀bi. Ẹnu mi nìkan ni mo mú wá." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àga onírin dé orí àtẹ̀gùn. Kò fi ti ara rẹ̀ pamọ́. Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, bàbá yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni la ìwé, ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀, ó wá gbé ojú sókè sí i.

"Mi ò kà á, Bàbá. Ọ̀rẹ́ mi ló gbé e wá."

Bàbá wò ó pẹ́. Omi lé sí i lójú. Ó na ọwọ́ káfíńtà rẹ̀ tó le bí èèpo igi, ó di ọmọ rẹ̀ lórí mú, ó fà á mọ́ra títí etí Ìyá Wẹ́kú fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bóyá ó ti gbàgbé pé òun ò lóhùn mọ́ ni o. Bóyá ó rò pé bí ó ti sún mọ́ ọn tó báyìí, díẹ̀ níbẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Wẹ́kú ń gbọ́ bí ètè náà ṣe ń ṣí, tó ń pa dé sí òun létí. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Kò kánjú. Ibì kan wà tó dúró níbẹ̀, bí ẹni ń wá orúkọ kan, tó wá tún bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná láti ihò ọrùn rẹ̀ ń fẹ́ sí i lágbọ̀n. Kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó jọ̀wọ́ orí rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ń retí.

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Ìyá Wẹ́kú wí.

Baba náà mi orí sókè sódò lẹ́ẹ̀méjì. Ó tún ìrọ̀rí ara rẹ̀ ṣe, ó pa ojú dé, ojú rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ti gbé ẹrù kalẹ̀. Àbúrò sún mọ́ wọn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni Bàbá sọ?"

Ìyá Wẹ́kú fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ bàbá. Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ọmọ ni kò gbọ́.